Bàtà òjò fún iṣẹ́ pọ́ńdì ẹja: èyí tó yẹ kẹ́ ẹ rà ní Àkúrẹ́, àti èyí tó yẹ kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lórí àtẹ

Ẹjọ́ tí àwọn tó ń sin ẹja máa ń rò jù nípa bàtà òjò ni pé ó ń jò. Lọ́pọ̀ ìgbà, bàtà ò jẹ̀bi. Òógùn ni. Ẹsẹ̀ tó wà nínú rọ́bà láti aago méje àárọ̀ títí di ọ̀sán á làágùn débi pé ẹ lè fún ìbọ̀sẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Kẹ́ ẹ tó gbé bàtà padà lọ bá ẹni tó tà á, ẹ dán an wò báyìí: ẹ ki ìwé ìròyìn gbígbẹ sínú rẹ̀ dé ọ̀gangan ọmọ ìka, ẹ gbé e sínú garawa omi, ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́ kó má léfòó, kí omi má sì dé ẹnu rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Tí ìwé bá jáde ní gbígbẹ, ẹsẹ̀ yín ló ń làágùn. Tó bá tutù, ẹ wo ibi tó ti tutù. PVC, ìyẹn bàtà tí wọ́n fi ike rírọ̀ ṣe, sábà máa ń sán níbi tí bàtà ti ń ká, lẹ́yìn ọmọ ìka gan-an. Ti rọ́bà gidi, ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ara bàtà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí.

A fi èyí ṣáájú nítorí pé òógùn yìí kan náà ló ń ti èèyàn sídìí bàtà tó nípọn tó sì móoru, tí wàhálà á wá di méjì. Nínú òkìríkà tó ń wọ Ọjà Ọba Àkúrẹ́, bàtà òtútù máa ń wà níbẹ̀: ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, òkè rẹ̀ jẹ́ awọ, inú rẹ̀ ní aṣọ irun tó nípọn bí ìka. Ó máa ń wu ojú. Àwọn tó ń pẹja lórí odò tó ti di yìnyín, ní Kánádà tàbí Finland, ni irú rẹ̀ wà fún. Orí yìnyín ni wọ́n ń dúró sí, wọ́n á lu ihò, wọ́n á ju ìwọ̀ síbẹ̀. Wọn kì í wọ inú omi. Òtútù tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé ni bàtà wọn ń bá jà, aṣọ inú rẹ̀ sì ṣeé yọ kó lè gbẹ lẹ́bàá iná mọ́jú. Nọ́ńbà ìwọ̀n òtútù bíi -40 tí wọ́n kọ sí i lára, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀. Ti ilé iṣẹ́ kan kì í bá ti èkejì dọ́gba. Ní pọ́ńdì, kété tí omi bá kọjá ojú ìrán tí awọ ti pàdé rọ́bà, ó ti wọlé nìyẹn, aṣọ irun náà á sì mu ún bí kànìnkànìn. Nígbà òjò ní Àkúrẹ́, ó lè má gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta. Òórùn rẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ ká sọ ọ́. Bí ọyẹ́ bá mú láàárọ̀ oṣù December, ìbọ̀sẹ̀ irun àgùntàn kan tó.

Èyí tó wà fún iṣẹ́ wa gan-an oríṣi mẹ́ta ni, gbogbo rẹ̀ ni òǹtajà sì ń pè ní rọ́bà.

PVC ló pọ̀ jù, òun ló sì rọjú jù lówó. Inú mọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń dà á ní odidi, kò ní ojú ìrán. Ọ̀tá rẹ̀ ni oòrùn àti ọ̀rá: òróró ara ẹja tó ń kan án lójoojúmọ́ á jẹ́ kó gan, nígbà tó bá sì ti gan, sísán ló kù. Èyí tí wọ́n pò mọ́ nitrile, irú rọ́bà àtọwọ́dá kan, fara da ọ̀rá ju èyí tí kò ní in. Wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí i lára. Níbi àtẹ, ẹ ká ọrùn bàtà náà mọ́ra wọn, kẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀. Tí ìlà funfun bá yọ níbi tó ti ká, tí kò sì tètè parẹ́, àdàlù ti pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ yí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sókè pẹ̀lú: ọ̀pọ̀ ló ní òbìrí kékeré kan bí ojú aago, ọfà inú rẹ̀ ń tọ́ka sí oṣù tí wọ́n ṣe é, nọ́ńbà àárín sì ni ọdún. PVC tó ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ti ń gan kó tó dé ọwọ́ yín.

Rọ́bà gidi, èyí tó wá láti ara igi tí wọ́n ń gbìn ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó níbí náà, ni àwa á rà bí owó bá wà. Ó wúwo díẹ̀, àmọ́ ó máa ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀, kì í sì í tètè yọ̀ lórí ẹrẹ̀. Ohun tí kò fẹ́ ni bẹntiróò, dísù àti ọ́ìlì. Ẹni tó bá ń da epo sínú ẹ̀rọ tó ń fa omi pọ́ńdì, kó yáa fi ọṣẹ fọ bàtà náà lójú ẹsẹ̀ tí epo bá ta sí i, torí ó máa ń wú, á sì rọ̀.

EVA, ìyẹn fóòmù bíi ti sílípáàsì, fúyẹ́ bí òwú, ọjà rẹ̀ sì ń yá. Ẹ má rà á fún pọ́ńdì àrọ̀. Àrọ̀ ní ẹ̀gún líle kan ní apá ọ̀tún àti ti òsì, lẹ́yìn orí, ìyẹn náà sì ní eyín bí ayùn. Bí ẹ̀rù bá bà á, á na méjèèjì síta, á tì í pa. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fa omi pọ́ńdì, tó ku ẹrẹ̀ àti ẹja tó ń jà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ tó bá tẹ irú ẹ̀gún bẹ́ẹ̀ nínú EVA, ihò dé, ẹ̀jẹ̀ dé.

Ní ti ìwọ̀n, ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ ó fi ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ wọ̀ lọ sọ́jà, lọ́sàn-án tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Ẹ ti ọmọ ìka dé iwájú: ìka ọwọ́ kan péré ló yẹ kó wọ ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹrẹ̀ á bọ́ ọ mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Tí ẹrẹ̀ bá sì mú un, ẹ má fà á sókè tààrà; ẹ yí gìgísẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ gbé gìgísẹ̀ ṣáájú ọmọ ìka.

Bàtà tó dé orúnkún kò wúlò mọ́ bí omi bá ti kọjá orúnkún. Ṣòkòtò oníbàtà tó dé àyà, tí wọ́n ń pè ní wader, ló kàn. Ẹ di bẹ́líìtì rẹ̀ le níta. Omi tó bá wọ inú rẹ̀ kò ní fa yín lọ sísàlẹ̀ bí àwọn kan ṣe ń wí. Gígun bèbè jáde ló máa ń di ogun, torí náà kí ẹnì kejì wà nítòsí. Ohun tó sì tún mú ká fẹ́ kí ara gbẹ ni pé kòkòrò àrùn tó ń jẹ́ kéèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, láti ara ìgbín omi, awọ ara ló ń gbà wọlé.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ fi omi lásán ṣan bàtà, ẹ ki ìwé ìròyìn sínú rẹ̀, lẹ́yìn wákàtí kan ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ da ojú rẹ̀ dé orí igi lábẹ́ ibòji. Bí ó bá wá lu, ti rọ́bà gidi kò le: ẹ fi sáńpéépà ha ojú ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi gọ́ọ̀mù tí fọkanáísà fi ń lẹ tíúbù pa á, ẹ dúró kó má lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́, kẹ́ ẹ tó tẹ àlẹ̀mọ́ rọ́bà tí ẹ fẹ́ fi dí ihò náà mọ́ ọn. Gọ́ọ̀mù yẹn kì í mú PVC. Gọ́ọ̀mù PVC tirẹ̀ ló ń fẹ́, bó bá sì jẹ́ ibi tí bàtà ti ń ká ló ti sán, yóò tún ya.