Iṣẹ́ Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé: èyí tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Ọ̀pọ̀ ló mọ òṣèré Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé sí Tóyìn Tòmátò inú eré tẹlifíṣọ̀n Super Story, àwọn mìíràn sì mọ̀ ọ́n sí ìyá ìyàwó nínú The Wedding Party (2016). Àmọ́ fíìmù King of Boys (2018) ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta, ẹ má wò ó pẹ̀lú oorun lójú. Ẹ fetí sí ohùn Ẹniọlá Sàlámì, ẹni tí Ṣóbọ̀wálé ṣe níbẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì rọra-rọra fún àwọn olóṣèlú, Yorùbá tó le koko fún àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀. Inú Yorùbá yẹn ni ẹ̀rù wà! Nítorí náà, ohùn ìpilẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi wò ó.

Apá kejì, tó jáde lórí Netflix ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, jẹ́ ìpín méje. Ẹ má fò lọ síbẹ̀ tààrà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní yé yín. Ìtàn ìṣèlú rẹ̀ fà jù lójú tèmi, ṣùgbọ́n Ṣóbọ̀wálé kò rẹ̀yìn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó gẹ́gẹ́ bí Awarun, oníṣòwò ìkòkò nínú fíìmù Aníkúlápó (2022). Ojú lásán ló fi ń ṣe púpọ̀ níbẹ̀. Bí dátà bá wọ́n, ẹ wa fíìmù náà sórí fóònù níbi tí Wi-Fi bá wà.