Ṣọ́ọ̀bù tíkẹ́ẹ̀tì bàálù kan ní Pánṣẹ́kẹ́

Aládìrẹ ni mí ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin bímọ sí Atlanta ní oṣù keje, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Pánṣẹ́kẹ́ ni mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àga mẹ́ta, fáànù kan, àti ọmọkùnrin kan tó mọ èèyàn-án kí. Kí n tó jókòó, omi tútù ti dé ọwọ́ mi.

Mo ní kó sọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó fún mi. Kò dáhùn. Ó gbé bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n ya máàpù ayé sí lára wá, ó fi orí òwú kan mọ́ Èkó, ó na ìkejì dé Atlanta, ó sì fà á le. "Mọ́mì, ibi tí òwú yìí bá gbà nígbà tó bá le, ibẹ̀ ló yá jù." Bíi 9,400 kìlómítà ni. Bí bàálù bá lọ tààrà, wákàtí 12 àti díẹ̀. Bíbọ̀ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, torí atẹ́gùn òkè lọ́hùn-ún máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn, á máa ti bàálù lẹ́yìn. Èmi tí mo ti ń di aṣọ láti kékeré, ọ̀rọ̀ òwú yé mi kíá.

Owó tààrà ju agbára mi lọ, ló bá bá mi wá èyí tó gba Amsterdam. Ìwé ní a ó gbéra ní 10:50 alẹ́, a ó balẹ̀ ní 3:50 ọ̀sán ọjọ́ kejì. Mo ka ìka: wákàtí 17. Kò burú. Inú bàálù ni wọ́n ti sọ fún mi pé aago Atlanta fi wákàtí 5 wà lẹ́yìn tiwa lásìkò ooru wọn (tó bá di ìgbà òtútù, 6 ni). Wákàtí 22 gbáko! 6 àti ìṣẹ́jú 45 dé Amsterdam, 5 àti ìṣẹ́jú 15 lórí àga irin, 10 sí Atlanta. Òwú ọjọ́sí náà ti di nǹkan bí 12,150 kìlómítà. Ọmọ yìí mọ̀, kò sọ. Bí aró àdìrẹ tí mò ń tà bá máa ṣí, mo máa ń sọ ọ́ kí n tó gbowó.

"Ẹ ti dé pápákọ̀ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú, mà," ìyẹn nìkan ló tẹnu mọ́. Kò ka ọ̀nà Sángò mọ́ ọn. Aago méjì ọ̀sán la kúrò ní Ìtòkú, 6:30 la wọ Ìkẹjà. Ibi tí kò tó 100 kìlómítà, tí bàálù ò ní lò tó ìṣẹ́jú méje! Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń bú mi pé kí ló dé tí mi ò wọ rélùwéè ní Láderin.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Nígbà tí mo dé, mo lọ bá a rojọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó bẹ̀ mí, ó sì mú ìwé ìyá kan tó jókòó síbẹ̀, ó kọ àpapọ̀ wákàtí rẹ̀ gàdàgbà sókè. Ìyá náà wò ó títí, ó ní òun ń lọ sílé lọ tún un rò.