Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ẹ̀kọ́ òfin àgbáyé, bí mo ṣe ń lò ó láti Adó-Èkìtì

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, oníbàárà mi kan wọ ọ́fíìsì mi ní Òkèṣà, fáìlì wà lábẹ́ abíyá wọn. Kòkó ni bàbá náà ń rà ní agbègbè Ìkẹ́rẹ́, tí wọ́n ń tà sí òkè òkun. Ẹni tó ra ọjà lọ́wọ́ wọn ní kòkó náà kò gbẹ tó, ó sì ti yọ nínú owó wọn. Wọ́n ní kí n pè é lẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ gíga Adó. Mo ṣí ìwé àdéhùn, mo kà á dé ojú ìwé tó kẹ́yìn, ibẹ̀ ni mo ti bá a: bí aáwọ̀ bá dé, lábẹ́ ìlànà Federation of Cocoa Commerce, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò kòkó, ni, níwájú àwọn onílàjà ní London, tí ìpinnu wọn de tọ̀tún-tòsì.

Mo mọ òfin tó rọ̀ mọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nàìjíríà ti wọ inú àdéhùn New York ti ọdún 1958, tó ní kí àwọn orílẹ̀-èdè máa bọ̀wọ̀ fún ìpinnu onílàjà, láti ọdún 1970, Arbitration and Mediation Act ti 2023, òfin ìlàjà tiwa nílé, sì ti gba ipò ti 1988. Mo mọ̀ pé bí mo bá gbé e lọ sí Adó, agbẹjọ́rò ẹni tó ra kòkó náà yóò kàn na ìwé àdéhùn náà sí adájọ́ ni. Ohun tí n kò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an lọ́hùn-ún: ta ni à ń kọ̀wé sí, kí ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ rí. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé ọmọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde kan ni mí.

Ilé-ẹ̀kọ́ òfin àgbáyé kan ní Netherlands ni mo ti gba oyè kejì kí n tó padà sílé ní 2018. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí ọpẹ́ nìkan kọ́ ni mo gbé wá. Àwọn ọmọ tó ń jáde ní EKSU àti ABUAD, yunifásítì méjì ní Adó níhìn-ín, máa ń bi mí pé, yàtọ̀ sí ìwé ẹ̀rí, kí ni irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ tún ń ṣe fún ni lẹ́yìn téèyàn bá ti san gbogbo owó tán. Nínú máàkì márùn-ún, mẹ́ta àbọ̀ ni mo fún wọn. Àlàyé mi nìyí.

Ìwé orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ló gba máàkì jù. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, èèyàn lè fi ìlú àti irú iṣẹ́ wá ẹni tó ń fẹ́. Mo kọ London, mo kọ ọjà oko, orúkọ mẹ́rin jáde. Mo kọ̀wé sí mẹ́ta. Ẹnì kan dáhùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, obìnrin ọmọ Ghana kan tó ti jáde kí n tó dé ilé-ìwé náà, tí a kò fojú kan ara wa rí. Ó pè mí lórí WhatsApp, a sì sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó ní ṣáájú ohunkóhun, kí n ka iye ọjọ́ tí ìlànà fún wa, torí ẹjọ́ tó dára máa ń kú sórí ọjọ́. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé àpẹẹrẹ kòkó tí wọ́n bù nígbà tí wọ́n ń yẹ ọjà wò dà, ta ló dì í, ibo ló wà. Mo pe bàbá lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní àpò kékeré méjì wà nínú yàrá àwọn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èdìdì wọn kò tíì já. Mo lọ wò ó fúnra mi. Òórùn kòkó gbígbẹ kún gbogbo yàrá náà. Àwọn àpò méjì yẹn ló gba bàbá sílẹ̀: nígbà tí oníbàárà òkè òkun gbọ́ pé wọ́n wà, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé iwájú onílàjà, ó dá èyí tó pọ̀ nínú owó náà padà.

Kọ́bọ̀ kan, obìnrin yẹn kò gbà lọ́wọ́ mi.

Ti ilé-ìkàwé ńkọ́? Ó dáa dé ìwọ̀n kan. Wọ́n fún wa ní JSTOR, àkójọ àpilẹ̀kọ àwọn ọ̀mọ̀wé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì máa ń jí ní aago márùn-ún láti wa àwọn àpilẹ̀kọ jáde kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó di wàhálà. Westlaw àti LexisNexis, tí àwọn lọ́yà fi ń wá òfin àti ìdájọ́, ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ tí a jáde. Àwọn tó ni wọ́n kì í fẹ́ kí lọ́yà tó ti ń gbowó iṣẹ́ máa fi orúkọ ilé-ìwé lò wọ́n. Ó yé mi, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n ti sọ fún wa ṣáájú, torí mo ti fọkàn sí i.

Ìwé ìròyìn wọn ni ẹ̀sùn mi. Nígbà tí mo ṣí ọ́fíìsì, mo fi ìròyìn ránṣẹ́ pẹ̀lú ìdùnnú. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé “Ado, Lagos”. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1996 ni Èkìtì ti dá dúró ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀, Ilẹ̀ Iyì, Ilẹ̀ Ẹ̀yẹ, ká má tilẹ̀ sọ pé Adó ti wà tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó tó dé. Wọ́n ṣe àtúnṣe nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ìlà kan ṣoṣo ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé.

Síbẹ̀ ìwé ìròyìn yẹn náà ló fún mi láyè nígbà tí mo ní wọn kì í sọ nípa àwọn èèyàn wa. Mo kọ nípa Peace Palace tí wọ́n mú wa lọ wò ní Hague, ilé tí wọ́n ṣí ní 1913. Inú rẹ̀ ni Taslim Elias, ọmọ Nàìjíríà, ti jẹ́ ààrẹ ilé ẹjọ́ àgbáyé láti 1982 sí 1985. Inú rẹ̀ náà ni wọ́n ti ka ìdájọ́ Bakassi, ilẹ̀ tí Nàìjíríà àti Cameroon ń jà sí, ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá 2002, tí Bọ́lá Ajíbọ́lá jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ tí Nàìjíríà yàn, tí wọn kò sì gbà pẹ̀lú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn adájọ́. Wọn kò yọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí mo kọ. Ọmọ Cameroon kan kọ̀wé sí mi lórí rẹ̀, a sì ń jiyàn Bakassi títí di òní.

Ìpàdé orí Zoom ń fẹ́ àtúnṣe. Nígbà òtútù, aago wọn àti tiwa dọ́gba. Nígbà ooru, tiwọn fi wákàtí kan síwájú. Wọ́n kọ aago mẹ́fà, mo ra dátà, mo tan jẹnẹrétọ̀, mo wọlé ní aago mẹ́fà Adó, wọ́n ti ń dágbére. Kí ló dé tí wọn kò lè kọ aago àwa náà sí i? Ààrẹ Afẹ Babalọla tó dá ABUAD sílẹ̀, ilé ni wọ́n jókòó sí ka òfin gba oyè Yunifásítì London ní 1963, nígbà tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà tó jìn kọ́ ló ń sọ èèyàn di àlejò.

Ti ọrẹ náà wà níbẹ̀. Gbogbo oṣù Kejìlá ni wọ́n ń kọ̀wé pé ká dáwó fún àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń bọ̀. Mo fẹ́ dá yúrò mẹ́wàá, káàdì náírà mi kò wọlé. Wọ́n ní kí n gba báńkì, owó tí báńkì sì fẹ́ gbà ju yúrò mẹ́wàá náà lọ.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti ikú. Ẹnì kan nínú kíláàsì wa kú, ímeèlì kan ṣoṣo ni mo rí, wọ́n fi sáàárín ìpolówó ìpàdé àti àbẹ̀wò. Èmi dàgbà ní ìlú tí Christ's School wà láti 1933. Bí ọ̀kan nínú àwọn tó jáde níbẹ̀ bá kú, ẹ ó rí àwọn àgbààgbà tó wọ aṣọ kan náà, tí wọ́n ń kọrin ilé-ìwé wọn lẹ́bàá sàréè. Mo kọ̀wé sí ẹgbẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ ká pàdé lórí ẹ̀rọ fún wákàtí kan, kí a dárúkọ rẹ̀. Wọ́n gbà. Èèyàn mọ́kànlá la jẹ́. Ìyá rẹ̀ náà wọlé.

Ọmọ Ghana yẹn ń bọ̀ ní Èkó ní oṣù tó ń bọ̀. Mo ti ní kó yà dé Adó. Bàbá oníkòkó ní iyán ni àwọn máa fi ṣe é lálejò, kí n sáà sọ ọjọ́ fún àwọn.