Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń tẹ dízáìn sáṣọ fáwa oníquilt l'Óṣogbo, kì í ṣe kọ́tìn ló ń gbé fúnni o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rán quilt àti pátíwọ́ọ̀kì, ìyẹn àwọn ègé aṣọ tá à ń rán pọ̀ di odidi, l'Óṣogbo níbí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ya dízáìn fúnra yín kẹ́ ẹ tó gbé e fáwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ sáṣọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró ná kẹ́ ẹ tó sanwó. Bọ̀dá kan wà tó ń polówó lórí WhatsApp àti Instagram, ó ní òun wà lọ́nà Òkè-Fìà, pé kéèyàn sáà ti fi fáìlì ránṣẹ́, orí kọ́tìn gidi lòun máa tẹ̀ ẹ́ sí. Irọ́ ni. Pólísítà, ìyẹn aṣọ oníke, ló ń gbé fún wa, mo ní "wa" torí kì í ṣe èmi nìkan ló ṣe é fún.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Á ní kẹ́ ẹ wá wo sámpùlù, sámpùlù ọ̀hún sì dáa, n ò ní purọ́ mọ́ ọn, kọ́tìn ni lóòótọ́, ó rọ̀, ẹ fọ̀ ọ́ títí kò ní ṣí, bóyá Èkó ló ti rà á wá èmi ò mọ̀. Ìyẹn la rí tá a fi san ìdajì owó. Dízáìn tèmi, ẹja àti ewé ẹ̀gẹ́ ni, mo yà á bí ti àdìrẹ ẹlẹ́kọ torí ìlú aró là ń gbé, kí ni mo fẹ́ fi òdòdó òyìnbó ṣe. Nígbà tẹ́rù dé, ọlọ́kadà ní àfi ká san balance kóun tó jẹ́ ká tú u, a sanwó, a tú u, aṣọ ń dán yanran! Mo pè é, ó ní "Àǹtí mi, kọ́tìn-pólì ni, ọ̀kan náà ni." Ọ̀kan náà kẹ̀?

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé kó má bàa fi gírámà tàn yín. Ohun tó ń lò ni sublimation, èyí tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán sára kọ́ọ̀bù àti jẹ́sì bọ́ọ̀lù. Orí ìwé ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ tẹ dízáìn, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ gbígbóná tẹ ìwé yẹn mọ́ aṣọ, ooru ẹ̀ á tó nǹkan bí 200°C, ìnkì á di èéfín, á wọnú pólísítà lọ. Kọ́tìn ò lè gbà á dúró, tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ ó ti lọ nìyẹn. Kọ́tìn ní tiẹ̀, ìnkì tí wọ́n ń pè ní reactive ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ fi kẹ́míkà tọ́jú aṣọ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi ooru omi gbígbóná sè é, wọ́n á tún fọ̀ ọ́, àbí kí wọ́n lo ìnkì pigment tí wọ́n máa ń fi ooru gbẹ mọ́ aṣọ lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán. Torí náà ìbéèrè tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni ni pé ìnkì wo lẹ fi ń tẹ̀ ẹ́. Tó bá ní sublimation tó sì tún ń pe kọ́tìn, ẹ dìde ńbẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ló burú nínú pólísítà. Fún jẹ́sì, kò burú. Ṣùgbọ́n àwa tá à ń fi ¼ ínṣì sílẹ̀ létí aṣọ tá a bá ń rán an pọ̀, tá a sì ń fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ ojú rírán kó lè sùn sílẹ̀ dáadáa, ṣe ló máa ká kò, á tún lẹ̀ mọ́ áyọ́ọ̀nù. Tẹ́ ẹ bá wá pa á pọ̀ mọ́ ańkárá kọ́tìn, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́, kọ́tìn á sún kì, pólísítà ò ní sún kì, gbogbo iṣẹ́ á wú gúlegùle.

Ẹ̀yìn aṣọ tó funfun nìkan ò tó láti fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi o, kọ́tìn tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ náà, ẹ̀yìn ẹ̀ kì í jinlẹ̀ tó iwájú. Iná ni kẹ́ ẹ fi dán an wò. Ẹ fa fọ́nrán díẹ̀ yọ létí aṣọ, ẹ fi nǹkan irin dì í mú lókè àwo, ẹ ṣáná sí i. Kọ́tìn á rùn bí ìwé tó ń jó, eérú ẹ̀ á rọ̀, á fọ́n ká. Pólísítà á yọ́, á di kókó dúdú líle.

Ẹ̀ṣẹ̀ kejì: ẹja tí mo yà ní ínṣì 4, ó fà á gùn, ó dé ní ínṣì 6, ó sì ṣú bàìbàì. Ó ní fáìlì mi ló kéré. Fáìlì tó ní píksẹ́lì (àwọn àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán) 1,200 fún ínṣì 4, ìyẹn 300 fún ínṣì kan, nígbà tó jẹ́ pé 150 ti tó ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ aṣọ! Ẹ máa ya rúlà kékeré sí igun dízáìn yín, tẹ́rù bá dé ẹ fi rúlà gidi wọ̀n ọ́n, kò ní lè jiyàn.

Èyí tó tiẹ̀ dùn mí jù, ẹja mi yìí kan náà ni mo rí lọ́jà Orísùnmbarẹ̀, wọ́n ń tà á ní yáàdì-yáàdì. Ẹ má fi fáìlì ńlá ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni lákọ̀ọ́kọ́ mọ́ o, kékeré ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, kẹ́ ẹ kọ orúkọ yín gba àárín ẹ̀ kọjá.

Ẹ san owó sámpùlù dízáìn tiyín, kì í ṣe èyí tó ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀. Ẹ gé e sí méjì, ẹ jó díẹ̀ lára ọ̀kan, kó buwọ́ lu ìkejì kẹ́ ẹ gbé e pamọ́. Tó bá ṣeé ṣe ẹ ra kọ́tìn yín fúnra yín n'Ígbóná kẹ́ ẹ gbé e fún un. Ẹ má san balance, àfi tẹ́ ẹ bá ti tú ẹrù.

Ó ti bulọ́ọ̀kù mi báyìí, ó sì ti yí orúkọ péèjì ẹ̀ padà, torí náà orúkọ kọ́ lẹ máa fi dá a mọ̀. Owó tó ń pè fún aṣọ àti títẹ̀ pa pọ̀ kéré sí owó kọ́tìn funfun lásán lọ́jà, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tránsífà fún un, ẹ sáré lọ sí báńkì yín lónìí, kẹ́ ẹ má sì pa mẹ́sẹ́ẹ̀jì kankan rẹ́.