Gbígbẹ, inú agolo àbí èyí tẹ́ ẹ sè nílé: èwo lẹ máa rà fún ajá tó ń ṣa oúnjẹ jẹ?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ajá tó máa ń gbóòórùn oúnjẹ tán tá á yíjú kúrò, ẹ má tíì sáré lọ ra èyí tó wọ́n jù o. Mo ṣe é fún Lhasa mi (irú ajá kékeré onírun gígùn kan), agolo oríṣi mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan, ohun tó kọ́ níbẹ̀ ò ju pé tóun bá ti kọ̀, èyí tó dùn jù bẹ́ẹ̀ ń bọ̀.

Gbígbẹ inú àpò lowó ẹ̀ fara rọ jù, kì í sì í tètè bàjẹ́. Ìṣòro ẹ̀ ni pé òórùn ẹ̀ ò lágbára, imú lajá sì fi ń mọ adùn. Èyí tí wọ́n já àpò ẹ̀ tí wọ́n ń fi kóńgò wọ̀n tà lọ́jà, ẹ yẹra fún un, atẹ́gùn ti ń ba ọ̀rá inú ẹ̀ jẹ́. Ẹ bu díẹ̀ sọ́wọ́ kẹ́ ẹ fi ra, tó bá ń rùn bí òróró àlòtúnlò, ajá yín ò ṣe yàngà, oúnjẹ yẹn ló ti kan. Àpò kékeré tí wọn ò tíì ṣí ni kẹ́ ẹ rà, èyí tó máa tán láàárín oṣù kan.

Inú agolo ń ta sánsán, omi inú ẹ̀ tó 75% sókè (ti gbígbẹ ò ju bíi 10% lọ), ó dáa fún ajá arúgbó tí eyín ń dà láàmú. Àmọ́ ó wọ́n, tẹ́ ẹ bá sì ti ṣí i, fíríìjì ni, ó pẹ́ tán ọjọ́ 3, ẹ sì mọ bí iná wa ṣe rí.

Sísè nílé, ìrẹsì àti ẹran adìyẹ tí ò léegun, kò sájá tó máa kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò ní calcium (èròjà tó ń mú eegun le) tó, pàápàá fọ́mọ ajá. Ọbẹ̀ àjẹkù ńkọ́? Rárá o! Àlùbọ́sà àti aáyù máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, eegun tẹ́ ẹ sè sì lè fọ́ kó gún ìfun.

Èmi o, gbígbẹ ni mo rà. Mo ń bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, màá fi ṣíbí kan tinú agolo pò ó, kí òórùn lè jáde. Aago méje àárọ̀ màá gbé e kalẹ̀, tó bá di ìṣẹ́jú 20 màá gbé e kúrò, kò sí bísíkíìtì, kò sí ẹran látọwọ́ àwọn ọmọ, ó di ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kìíní ó kàn ń fẹsẹ̀ ha ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ bíi pé ó fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, bó ṣe ń lá abọ́ yẹn ló ń dún gbàn-gbàn lórí táìsì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ oúnjẹ, ẹ máa pò ó mọ́ ti tẹ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ 7.

Àgbà ajá tára ẹ̀ yá nìkan lẹ lè ṣe èyí fún o. Tí ò bá jẹun rárá fún wákàtí 24, ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni kẹ́ ẹ lọ. Ọmọ ajá tó kọ oúnjẹ, tó ń bì, tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ má dúró dọ̀la, ó lè jẹ́ parvo, àrùn ìfun tó máa ń tètè pa ọmọ ajá.