Ẹ̀rọ tó ń fi ìró fọ kọ́ìlì: ta ló yẹ kó rà á?

Bó bá jẹ́ kọ́ìlì (waya tó ń gbóná láti sọ omi di èéfín) tí wọ́n ti dì tán láti ilé iṣẹ́ lẹ ń rà fún vape yín, ìyẹn sìgá oníná, ẹ má ra ẹ̀rọ yìí. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí ẹ má bàa kà á délẹ̀ kí ẹ tó mọ ibi tí mò ń lọ. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń yí waya, tí ẹ sì ń ki òwú tó ń fa omi bọ inú rẹ̀, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ẹ̀rọ náà wúlò, àmọ́ gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ kọ́ ló lè ṣe.

Abọ́ irin kékeré kan tó ní ìdérí ni. Irú rẹ̀ làwọn oníṣẹ́ góòlù fi ń fọ òrùka, òun náà làwọn tó ń ta jígí ojú ń lò. Ẹ ó bu omi sí i, ẹ ó kó irin yín sínú omi náà, ẹ ó tẹ bọ́tìnnì. Ìró tó ń ti ìsàlẹ̀ abọ́ náà wá ga ju èyí tí etí ènìyàn lè gbọ́. Ti ọwọ́ mi yìí ń gbọ̀n ní ìgbà 40,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbígbọ̀n yẹn ló ń dá ìhó tín-ín-tìn-ìn-tín sínú omi. Bí ìhó náà ṣe ń bẹ́ lára irin ló fi ń tu ìdọ̀tí níbi tí búrọ́ọ̀ṣì ò lè dé. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tiyín ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ẹ ri fọ́ìlì pẹlẹbẹ bọ inú omi rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Bí ó bá dára, ara fọ́ìlì náà á ti lu wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ibi tó ti wú mi lórí ni ìsàlẹ̀ tánkì tó ń gba omi vape, níbi tí síkúrúù ti ń di waya mú. Irin tí mo ti fi ọṣẹ fọ̀ tẹ́lẹ̀ ni o. Bí mo ṣe tẹ bọ́tìnnì báyìí, omi pupa rúsúrúsú kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ síkúrúù, ó ń rú jáde tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ láìdáwọ́ dúró. Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ omi vape tó ti wọ ojú síkúrúù ni. Nígbà tí mo kó irin náà jáde, kò lóòórùn kankan mọ́.

Kọ́ìlì fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ níbẹ̀. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe: èépá dúdú tó máa ń dì mọ́ waya, tí adùn á fi bàjẹ́, tí èéfín á sì máa ha ọ̀fun. Omi lásán pẹ̀lú ìró ò lè ká èépá yẹn kúrò, torí ó ti jóná di èédú. Iná ló ń ṣẹ́gun rẹ̀. Ẹ yọ òwú kúrò pátápátá, ẹ dín agbára vape kù, kí ẹ wá máa tẹ iná sí waya náà fẹ́rẹ́, fẹ́rẹ́, títí tí èépá náà á fi di eérú. Kó pọ́n díẹ̀ ti tó, kò gbọdọ̀ funfun. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ wá gbé e sínú ẹ̀rọ ìfọ̀. Eérú yẹn ni ìró ń gbá lọ féú. Iná ṣáájú, ìró tẹ̀lé e. Ẹni tó bá yí i padà á máa rojọ́ pé ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́. Waya tí wọ́n fi Kanthal, nichrome tàbí irin 316L ṣe ló gba irú iná bẹ́ẹ̀. Títéníọ̀mù àti níkẹ́ẹ̀lì ò gbà á rárá, ẹ má dán an wò.

Ti kọ́ìlì àdìtán, òwú wà nínú rẹ̀ tí ẹ ò lè yọ. Òwú tó bá ti jóná ò tún ṣeé sọ di funfun, omi tó bá sì há sínú rẹ̀ á máa ta síni lẹ́nu. Àwọn kan ní ká da ọtí líle sínú ẹ̀rọ ìfọ̀ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò: ẹ̀rọ náà ń móoru, ooru ọtí sì ń gbaná.

Ó wá ṣe mí bíi pé kí n bá àwọn tó ń po omi vape jà. Inú igo ni èépá ti ń wá. Nǹkan méjì ló pọ̀ jù nínú omi vape: propylene glycol ń hó ní nǹkan bí 188°C, glycerin ní 290°C, àwọn méjèèjì ló ń di èéfín lọ. Sucralose tí wọ́n fi ń mú un dùn kì í di èéfín, ṣe ló ń fọ́ kí ooru tó dé ibẹ̀, tí á sì kù sílẹ̀ lára waya. Mo fi omi aládùn sínú kọ́ìlì kan, mo fi èyí tí kò ládùn àfikún sínú ìkejì rẹ̀. Igo omi aládùn ò tíì tán tí waya rẹ̀ fi dúdú kirikiri. Èkejì kàn pọ́n díẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tí kò bá fẹ́ fọ kọ́ìlì lójoojúmọ́, kó kọ́kọ́ pààrọ̀ omi rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n rìn gbéréfu díẹ̀: Hon Lik, apoògùn ọmọ Ṣáínà tó ṣe vape tòde òní jáde ní 2003, ìró irú èyí ló kọ́kọ́ fi ń sọ omi di èéfín. Ìró yẹn náà la wá fi ń fọ ẹ̀gbin rẹ̀.

Ohun tí mi ò fẹ́ lára ẹ̀rọ yìí ni agbọ̀n oníke tó bá a wá. Ó ń gba ìgbọ̀n náà mọ́ra, síkúrúù kéékèèké sì ń bọ́ gba ojú ihò rẹ̀. Ife gíláàsì fẹ́lẹ́ kan ni mo ń bu omi sí, mo gbé e sínú abọ́, mo kó síkúrúù sínú rẹ̀, ó sì ń fọ̀ ọ́ dáadáa. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni aago rẹ̀ ń ka kó tó pa ara rẹ̀, ẹ óò sì tún un tẹ̀. Bátìrì àti ara vape fúnra rẹ̀ ò gbọdọ̀ fẹnu kan omi.

Omi tó bá kù nínú abọ́ lè ní níkótíìnì nínú. Ẹ dà á nù kíá, ẹ má gbé e síbi tọ́mọdé tàbí ajá ti lè tọ́ ọ wò, ẹ sì nu abọ́ náà kí ẹ tó fi fọ jígí ojú yín.