Ààrò Gáàsì Oníná Líle àti Ààrò Èédú fún Ẹran Sísun

Ààrò gáàsì oníná líle, tí iná rẹ̀ ń ti òkè wá sórí ẹran, lè gbóná tó nǹkan bí 800°C, nítorí náà ara ẹran tó nípọn a máa pọ́n láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ kí inú rẹ̀ tó gbẹ. Èédú kò yá tó bẹ́ẹ̀, nítorí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di ẹyín iná. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tó ń kán sórí ẹyín iná náà ló ń mú èéfín aládùn wá, èyí tí gáàsì kò ní. Ní tèmi, n kò ní gbé sùúyà sábẹ́ iná gáàsì yìí láé, nítorí kúlíkúlí lílọ̀ tó wà nínú yájì yóò ti jóná kí ẹran tó jinná.